Páálí róbótó tó ń tú àṣírí iná tó ń ṣẹ́jú

Ewu kan wà nínú ìsọ̀ káfíńtà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Ayùn oníná tó rí róbótó lè máa yí kíkankíkan, síbẹ̀ kó dà bí ẹni pé ó dúró jẹ́ẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ na ọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò di onítọ̀hún lójú o. Iná tó wà lókè orí rẹ̀ ló ń tàn án jẹ.

Iná mànàmáná tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà máa ń lọ síwájú, a sì padà sẹ́yìn, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ló ń mú kí àwọn iná kan ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín àkókò yẹn, tí ojú lásán kò sì ní rí i. Gílóòbù àtijọ́ tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n kì í ṣẹ́jú tó bẹ́ẹ̀, nítorí wáyà náà kì í tètè tutù. Iná gbọọrọ àtijọ́ tó máa ń kùn lókè àjà àti ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ló yẹ kí ẹ fura sí. Orí a tilẹ̀ máa fọ́ àwọn mìíràn tó bá ń kàwé lábẹ́ wọn.

Ohun tí ẹ ó fi dán an wò kò gba owó. Ẹ da àwo kékeré dé orí páálí funfun, ẹ fi pẹ́ńsù yí i po, kí ẹ sì gé e. Ẹ fa ìlà láti àárín rẹ̀ sí etí, kó di ọ̀nà 40 tó dọ́gba. Ibí yìí ló gba sùúrù. Ẹ kun ọ̀kan ní dúdú, ẹ fo ìkejì, títí dúdú yóò fi pé 20. Ẹ wá ki pẹ́ńsù kúkurú tí ẹnu rẹ̀ mú bọ àárín rẹ̀, kí ẹ sì ta á bí ọmọdé ṣe ń ta òkòtó.

Ẹ kọ́kọ́ ta á níta lọ́sàn-án: dúdú àti funfun yóò pò pọ̀ bí eérú. Tó bá di alẹ́, ẹ ta á lábẹ́ iná náà nìkan. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, nígbà tí páálí bá ń yí tó ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn ìlà dúdú yóò yọ kedere, wọn yóò dúró, tàbí kí wọ́n máa rìn padà sẹ́yìn. 20 lọ́nà 5 ni 100 yẹn.

Káfíńtà tó bá rí i bẹ́ẹ̀, kó so gílóòbù onípọ́n àtijọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ayùn rẹ̀, kó sì pa súìṣì kó tó fọwọ́ kàn án. LED tó dára ní ohun tó ń dá iná dúró nínú, páálí yóò sì rí bí eérú lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra tuntun lè mú páálí náà dání lọ sí ìsọ̀, kí òǹtajà tan gílóòbù lójú rẹ̀.