Orin Tó Pẹ́ Ju Eré Lọ

Bí eré bá parí, àwọn òṣèré á bọ́ aṣọ eré, àwọn onílù á gbé ìlù wọn, èrò á sì túká. Síbẹ̀, orin kan lè bá èrò náà délé. Ẹni tó gbọ́ ọ lálẹ́ á máa kọ ọ́ lówùúrọ̀ bó ti ń lọ sí oko tàbí sí ọjà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó lè ti gbàgbé ìtàn eré náà, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé orin ọ̀hún. Kí ló dé tí àwọn orin kan fi ń pẹ́ báyìí? Kí ló sì dé tí àwọn mìíràn, tí wọ́n dùn bákan náà, fi ṣègbé?

Ìbéèrè yìí kan àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú tí ìwé Faransé ń pè ní Savè, gẹ́gẹ́ bó ti kan àwọn ará Ítálì. Ìdáhùn rẹ̀ sì kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ, ju bí òun fúnra rẹ̀ ti lè rò lọ.

Eré tí a fi orin ṣe

Eré olórin ni eré orí ìtàgé tí àwọn òṣèré ti ń fi orin sọ ohun tí wọn ì bá fi ẹnu lásán sọ. Opéra ni àwọn Faransé ń pè é. Ọba ń fi orin pàṣẹ, olólùfẹ́ ń fi orin bẹ̀bẹ̀, ẹni tó ń kú lọ ń fi orin dágbére. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ìgbà kan máa ń dé tí ìtàn á dúró díẹ̀. Òṣèré kan ṣoṣo á bọ́ síwájú, á sì fi orin tú ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jáde. Orin àdákọ ni èyí. Òun ni èrò máa ń dúró dè, òun náà ni wọ́n sì máa ń rántí jù lọ.

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu ti rí ohun tó jọ ọ́. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, akọrin á jáde nínú ẹ̀kú, á dá orin, àwọn ènìyàn á sì gbè é. Ó lè súre fún ìlú. Ó lè bu ẹnu àtẹ́ lu olè, tàbí olórí tó ṣi agbára lò. Bí orin kan bá wọ àwọn ènìyàn lára, wọn á ní kí ó tún un kọ. Ní 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo mọ́ àwọn àjogúnbá àfẹnusọ tó yẹ kí gbogbo ayé bá wa dáàbò bò.

Èyí tó sọnù àti èyí tó kù

Ìlú Florence ní Ítálì ni eré olórin àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ń parí lọ. Jacopo Peri ni ó ṣe orin eré Dafne, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1598. Àwọn onímọ̀ kà á sí eré olórin àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣe é lónìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí díẹ̀ péré ló ṣẹ́kù nínú orin rẹ̀. Ní 1600, Peri yìí kan náà ṣe orin eré mìíràn, Euridice. Wọ́n tẹ ìwé orin èyí jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe Euridice lónìí lè ṣe é.

Ìtàn kẹta tún wà tó yani lẹ́nu jù wọ́n lọ. Ní 1608, Claudio Monteverdi gbé eré kan tó ń jẹ́ Arianna jáde ní ìlú Mantua. Olólùfẹ́ obìnrin kan fi í sílẹ̀ ní erékùṣù, ó wọkọ̀ ojú omi lọ. Obìnrin náà dúró létí òkun, ó ń sunkún. Orin eré náà ti sọnù pátápátá, àfi ẹkún obìnrin yìí nìkan. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Monteverdi fúnra rẹ̀ tún un ṣe fún ohùn márùn-ún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1614. Odindi eré ṣègbé, orin kan ṣoṣo là á já, nítorí pé àwọn ènìyàn fẹ́ ẹ, ó sì wà nínú ìwé.

Kí ló ń fa ọkàn mọ́ra?

Ní 1842, Giuseppe Verdi gbé eré Nabucco jáde ní Milan. Ìtàn Nebukadinésárì ni, ọba Bábílónì tó kó àwọn Hébérù lẹ́rú. Nínú rẹ̀, àwọn ẹrú wà létí odò, wọ́n ń fi orin rántí ilẹ̀ wọn. Agbo ni ó ń kọ orin yìí, kì í ṣe ẹnì kan, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ọkàn kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Nígbà náà, abẹ́ ìjọba Ọ́sítríà ni Milan wà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ará Ítálì sọ orin náà di tiwọn. Nígbà tí Verdi kú ní 1901, ẹgbẹ́ akọrin ńlá kan kọ ọ́ ní Milan nígbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ sí ibojì tó wà dòní. Ẹni tó ti fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní Cotonou tàbí ní Èkó kò nílò ògbufọ̀ kí àárò yẹn tó yé e.

Georges Bizet, ọmọ Faransé, gbé Carmen jáde ní Paris ní oṣù kẹta ọdún 1875. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ilé sìgá ni Carmen, kò sì gbà kí ọkùnrin kankan fi òun sínú àhámọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ wo eré náà kò gba tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni Bizet kú, lẹ́ni ọdún 36. Kò mọ̀ pé eré òun yóò di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe jù lọ láyé. Bizet ti rò pé orin àtayébáyé tí kò ní ẹni tó ṣe é ni òun fi ṣe orin tí Carmen fi jáde sójú agbo. Lẹ́yìn náà ni ó wá mọ̀ pé Sebastián Iradier, ará Sípéènì, ni ó ni ín. Ó sì jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé orin náà pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni òun mú lò.

Giacomo Puccini kú ní 1924 kó tó parí eré Turandot. Franco Alfano bá a parí rẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní Milan ní 1926. Nínú rẹ̀, ọmọ ọba kan ń dúró de òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, ó ti borí. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ikú ni. Ó dá wà nínú òru, ó ń kọrin, ó sì dá a lójú pé òun yóò ṣẹ́gun. Ní 1990, ọdún tí Kamẹrúùnù ṣe bẹbẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Ítálì, Luciano Pavarotti kọ orin yìí ní Róòmù ní alẹ́ tó ṣáájú àṣekágbá. Tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri ayé. Àwọn tí kò wọ ilé eré olórin rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ ọ́.

Àárò ilé, òmìnira, ìrètí nínú òkùnkùn: kò sí èyí tó jẹ́ ti Ítálì tàbí ti Faransé nìkan nínú wọn. Àwọn orin yìí ń mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ń tún un sọ, ohùn wọn sì ń gòkè bí ọkàn ti ń gbóná sí i. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn fi ń mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ṣàngó lórí ìtàgé

Eré olórin Yorùbá náà ní àwọn baba tirẹ̀. Hubert Ògúnndé bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Aládùúrà ní Èkó ní 1944, pẹ̀lú eré lórí ọgbà Édẹ́nì. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Dúró Ládiípọ̀ dé, ọmọ Òṣogbo tí a bí ní 1931. Olùkọ́ ni, ó sì ń ṣe orin ìjọ. Nígbà tó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin ìjọ, àwọn kan bá a wí. Ó bá gbé ìlù rẹ̀ lọ sí orí ìtàgé. Ní 1962, ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ní ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti gbé Ọba Kò So jáde ní 1963.

Ìtàn Ṣàngó ni eré náà. Ṣàngó ní balógun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà. Agbára wọn ba ìlú lẹ́rù, ó sì gbìyànjú láti fi ọ̀kan pa èkejì. Ọ̀rọ̀ náà yí padà sí i lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn kẹ̀yìn sí i, Ọya aya rẹ̀ pàápàá fi í sílẹ̀. Ọba tó ń yọ iná lẹ́nu wá ku òun nìkan. Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni ó sì ń ṣe Ọya. Kò yá orin òyìnbó lò. Oríkì, ọfọ̀ àti ìlù bàtá ni ó fi ṣe tirẹ̀. Ní 1964, wọ́n ṣe eré náà ní Berlin ní Jámánì, níwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó ní ọmọ-ọmọ Odùduwà ni Oníṣábẹ̀ẹ́ àti Ọ̀rányàn. Ẹran ọ̀sìn ni Oníṣábẹ̀ẹ́ jogún, ilẹ̀ ni Ọ̀rányàn jogún. Ọ̀rányàn yìí ni baba Ṣàngó. Bí ọba Ọ̀yọ́ bá wá ń sunkún lórí ìtàgé, ẹbí ni ó ń sunkún fún ẹbí. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní Odò Ọ̀pàrà kò yí ìyẹn padà.

Láti ẹnu sí ìwé

Dúró Ládiípọ̀ kú ní 1978, kò tíì pé ọdún 50. Ohùn rẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọba Kò So kò bá a wọ ilẹ̀. Ní 1972, ilé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba ohùn eré náà sórí téèpù. Àwọn ènìyàn mẹ́ta wá jókòó tì í, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọn kò lè ṣe é láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni tó ń kọ́ ìwé Yorùbá mọ̀ pé igba kì í ṣe igbá, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà kì í ṣe igbà. Èkíní ni a fi ń ka owó, èkejì ni a fi ń bu omi, ẹ̀kẹta ni àsìkò, ẹ̀kẹrin ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bí àmì kò bá sí lórí ọ̀rọ̀ orin, ẹni tó bá kà á lọ́la lè máa kọ ohun mìíràn.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, orin ìyàwó wà, orin òkú àgbà wà, orin iṣẹ́ oko wà, oríkì ìdílé náà sì wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnu àwọn àgbà díẹ̀ ló kù sí. Ìfẹ́ kò wọ́n àwọn orin wọ̀nyí. Ìwé ló wọ́n wọn. Bí ìyá àgbà kan bá lọ pẹ̀lú orin tí òun nìkan mọ̀, ohun tó ṣe Dafne ni ó ṣe orin náà.

Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti gègé kan tó. Bí fóònù bá wà tó lè gba ohùn, ó tún yá. Kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni orin, nítorí orin awo wà tí kò yẹ kó jáde síta. Kí ó kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, abúlé rẹ̀, ọjọ́ náà, àti ohun tí wọ́n ń fi orin náà ṣe. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń pè é ní Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an, kó má yí i sí ti ìlú mìíràn. Kí ó fi àmì ohùn sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó kà á fún àgbà ọ̀hún létí. Bí àgbà náà bá gbè é, ó ti kọ ọ́ bó ti yẹ.