Géètì oníná tó kọ̀ tí kò ṣí: Ẹ kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Ohun méjì ló yẹ kí ẹni tó bá ra géètì oníná gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́: rìmóòtù tí yóò fi máa ṣí i, àti kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀ṣẹ́. Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ kì í bèèrè.

Ní Ọ̀rẹ̀, bí a bá ní gáréèjì, ibùdókọ̀ ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Ilé ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ bíi ti ilẹ̀ òyìnbó kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Géètì ẹnu ọ̀nà ni àwọn onílé ń so ẹ̀rọ mọ́. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tilẹ̀ wà tí onílé lè ti Èkó fi fóònù ṣí géètì ilé rẹ̀ ní Òdìgbó.

Iná ni wàhálà àkọ́kọ́. BEDC gba iṣẹ́ pínpín iná lọ́wọ́ PHCN ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n NEPA ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń pè é, nítorí pé iná ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ṣeréṣeré. Nígbà tí iná ńlá jó àríwá California ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, iná mànàmáná lọ, àwọn àgbàlagbà kan kò sì lè gbé ilẹ̀kùn gáréèjì wọn sókè kí wọ́n lè gbé ọkọ̀ sá lọ. Àwọn kan kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà wá ṣòfin pé láti oṣù keje ọdún 2019, ẹ̀rọ ilẹ̀kùn gáréèjì tuntun gbọ́dọ̀ ní bátìrì tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ.

Bí géètì bá kọ̀, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó pe oníṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn tí kò fa géètì, ó lè jẹ́ pé iná kò lágbára, tàbí pé òkúta há sójú irin tó ń gbà kọjá. Bí ó bá di ìgbà tí ẹ bá sún mọ́ ọn kí rìmóòtù tó ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Bí géètì bá ṣí tí kò padé, ẹ nu ojú kéékèèké tó wà lára òpó méjèèjì. Eruku, koríko tàbí òwú aláǹtakùn lè bò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ojú náà, òun ni kì í jẹ́ kí géètì padé mọ́ ọmọdé. Bí rìmóòtù bá ṣiṣẹ́ tí fóònù kò ṣiṣẹ́, géètì kọ́ ló bàjẹ́, nẹ́tíwọ́kì ni.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ wá ihò kọ́kọ́rọ́ lára ẹ̀rọ náà. Ẹ pa iná rẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tú u, kí ẹ fi ọwọ́ ti géètì. Kí gbogbo ará ilé, títí kan màmá àgbà, mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Kò yẹ kó jẹ́ ọwọ́ mégáàdì nìkan ni yóò wà.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.