Kí onímọ́tò Ẹdẹ tó sọ 504 ọ̀tómátíìkì di mánúà

Láyé ọjọ́un, bí wọ́n bá ń dárúkọ ọkọ̀ tó lókìkí nílẹ̀ Nàìjíríà, Peugeot 504 kì í gbẹ́yìn. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nílẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di ọdún 1975, ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná.

Mánúà ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ ọ̀tómátíìkì oníjíà mẹ́ta, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ZF ti Jámánì. Irú èyí ló máa ń kó wàhálà bá ẹni tó bá jogún rẹ̀. Bí jíà náà bá ti ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò rìn, ẹni tó lè tún un ṣe bó ṣe yẹ kò pọ̀. Ará Ẹdẹ lè ní láti gba Gbọ̀ngán lọ sí ọjà Ararọ̀mí n'Ìbàdàn, tàbí kó dé Ládípọ̀ l'Ékòó, láti wá ẹ̀yà ara rẹ̀. Mánúà kò le tó bẹ́ẹ̀. Kódà, bí bátìrì bá kú ní Akódà, ọmọkùnrin mẹ́ta lè ti ọkọ̀ náà kó sì gbéra.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé jíàbọ́ọ̀sì nìkan lòun fẹ́ rà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Torque converter náà gbọ́dọ̀ kúrò, kí fáíwíìlì àti kílọ́ọ̀ṣì gba ipò rẹ̀. Bíárìn kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí orí ṣáàfù jíà ń wọ̀. Mẹkáníìkì tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò tú gbogbo iṣẹ́ náà padà. Ó tún ku ìtẹ̀sẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú páìpù ọ́ìlì tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Rewáyà náà ní ipa tirẹ̀. Súwíìṣì kan wà lára ọ̀tómátíìkì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra àfi tí jíà bá wà ní P tàbí N. Bí wọn kò bá so wáyà rẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ kò ní sọ̀rọ̀ rárá.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ohun tó dára jù ni láti wá 504 mánúà tó ti bàjẹ́, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà náà lára rẹ̀, títí kan nọ́ọ̀tì.

Ewu kan tún wà níbẹ̀. P tó máa ń di ọkọ̀ mú lórí òkè kò sí mọ́, nítorí náà búréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ le dáadáa. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún òsì sì ń dùn ún, kí ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹsẹ̀ yẹn ni yóò máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ní tòkunbọ̀ ayé òde òní kò gbọdọ̀ fi ti 504 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kọ̀ǹpútà ló ń darí jíà tirẹ̀.

Bí ìpìlẹ̀ ọkọ̀ náà bá ti jẹrà, owó ṣòfò ni. Bí ó bá ṣì le, kí onímọ́tò gbé e gun òkè, kó dúró lágbedeméjì, kó sì tún gbéra, kó tó san owó tó kù fún mẹkáníìkì.