Gìtá tòkunbọ̀ semi-hollow: ohun tó yẹ kí olórin Ìbàdàn yẹ̀ wò kí ó tó tú àpò

Owó tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin fi ń ra gìtá ní ìlú Ìbàdàn kì í ṣe owó tí wọ́n rí he lójú ọ̀nà. Owó èsúsú ni, owó òde alẹ́ Sátidé àti ti ìsìn ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá gbọ́ pé gìtá pupa kan, oníhò méjì láyà, bá ẹrù òkè òkun wọlé sí Dùgbẹ̀, tàbí pé ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Ring Road fẹ́ ta èyí tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Kí ó rà á ni, àbí kí ó fi í sílẹ̀? Bí ó bá ṣì í rà, làálàá ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wọmi, kò sì ní í sí ohun tí yóò gbé lọ sí òde ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Oríṣi mẹ́ta ni gìtá oníná. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ igi líle gbáko, tí kò sí àyè nínú rẹ̀ ju ibi tí wọ́n gbẹ́ fún wáyà lọ. Èkejì ni èyí tí inú rẹ̀ ṣófo pátápátá bí agbè. Ẹ̀kẹta, tí àwọn olórin ń pè ní semi-hollow, wà láàárín àwọn méjèèjì: apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n ìtì igi kan là á já láàárín láti ìdí ọrùn títí dé ìsàlẹ̀. Orí ìtì igi yìí ni afárá tó gbé okùn ró jókòó lé, ibẹ̀ náà ni wọ́n de pickup mọ́, ìyẹn òòfà tí ń gbọ́ ìró okùn. Ilé iṣẹ́ Gibson, tó wà ní Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, l'Amẹ́ríkà nígbà náà, ló gbé ES-335 jáde lọ́dún 1958, lásìkò tí Ted McCarty jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú gìtá bẹ́ẹ̀ tí a ń rí lónìí ti ṣẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ki igi bọ inú rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo máa ń han bí wọ́n bá yí ámpílífáyà sókè. Ohùn tó jáde láti inú ámpílífáyà ń mi ikùn gìtá, ikùn ń mi okùn, okùn tún ń gbé ìró padà sínú ámpílífáyà, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di igbe kan ṣoṣo tí etí kò lè gbà. Ìtì igi àárín yẹn ló ń dín ìmìtìtì náà kù. Ó ń dín in kù ni o, kò pa á tán. Gbajúgbajà onígìtá ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, B.B. King, tí ó sọ gìtá rẹ̀ ní Lucille, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Gibson ṣe gìtá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè lọ́dún 1980, wọn kò lu ihò méjì sí i láyà bíi ti àwọn yòókù, kí igbe náà lè rọlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohùn gìtá oníkùn ṣófo jẹ́ àjèjì sí etí Yorùbá. Lọ́dún 1949, Àyìndé Bákàrè, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin jùjú, bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò wò. Bánjò kékeré tó ń lò kò ní ibi tí ẹ̀rọ náà lè lẹ̀ mọ́, ló bá mú gìtá onígi aláràn-án ṣófo dípò rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn orin náà sílẹ̀ ka èyí sí ìgbà àkọ́kọ́ tí iná bọ́ sínú gìtá jùjú. Túndé Nightingale, ọmọ bíbí Ìbàdàn tí wọ́n bí lọ́dún 1922, tó sì kú lọ́dún 1981, náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ ohùn gìtá rírọ̀ di ohun tí olówó ń ná owó lé lórí lóde. Nínú ẹgbẹ́ orin jùjú, gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa fèsì fún ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ń ṣáájú, èyí tí wọ́n ń pè ní tenor àti àwọn tó ń gbè é. Ohùn tó mọ́ gaara, tí kò ta ko ti ẹlòmíràn, ni wọ́n ń fẹ́. Ohun tí semi-hollow mọ̀ ọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Bákan náà ló rí nínú háílàìfù.

Ṣùgbọ́n gbogbo onígìtá kọ́ ni ó yẹ kí ó ra irú rẹ̀. Ẹni tó ń ta gìtá níbi àìsùn tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ńláńlá sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì ń lo ẹ̀rọ tó ń mú ohùn gìtá bú ramúramù, igbe ni yóò máa bá jà láti alẹ́ mọ́jú. Gìtá onígi gbáko ló yẹ irú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jẹ́ pé gìtá kan ṣoṣo ló ní, tó sì ń fi jẹun: kò yẹ kí ó ta èyí tó mọ̀wọ̀ ọwọ́ rẹ̀ láti fi ra èyí tí kò tíì lò rí lóde kankan.

Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ni òun ń wá ni ọ̀rọ̀ tó kù yìí kàn. Orúkọ tó wà lórí gìtá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mú wọn. Gibson ES-335 tuntun ju dọ́là 3,000 lọ l'Amẹ́ríkà. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò ta irú rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń ta fóònù àlòkù ní Challenge, ayédèrú ni tàbí ẹrù olè. Láti ọdún 1977 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń lu nọ́ńbà sí ẹ̀yìn orí gìtá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, tó jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ àti ìkarùn-ún ló ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìdè méjì ni Gibson tòótọ́ fi ń de ìdérí kékeré tó wà ní orí gìtá, mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ayédèrú ń lò. Epiphone, tó ti wà lábẹ́ Gibson láti ọdún 1957, ń ṣe irú kan náà ní owó pọ́ọ́kú, Ibanez ti ilẹ̀ Japan sì ti ń ta àwọn Artcore tirẹ̀ láti ọdún 2002. Kò sí ìtìjú nínú àwọn wọ̀nyí rárá. Epiphone tí ọrùn rẹ̀ tọ́ sàn ju Gibson tí orí rẹ̀ ti kán lọ fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún: Epiphone Casino jọ semi-hollow lójú, àmọ́ kò ní ìtì igi nínú rárá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tó wà láyà rẹ̀, ẹ ó rí i bóyá igi wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ọrùn ni ẹ̀mí gìtá. Kí olùrà gbé e sókè bí ìgbà tí káfíńtà ń wo ẹ̀gbẹ́ pákó, kí ó fi ojú kan tọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà láti orí dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá lọ́ bí okùn, kí ó gbé e sílẹ̀, kò sí àtúnṣe tó rọrùn fún un. Bí ó bá kàn tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, ìyẹn ṣeé ṣe, nítorí ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí. Kí ó tẹ okùn kan mọ́ irin àkọ́kọ́ àti irin ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó wo àyè tó wà láàárín okùn àti irin keje tàbí ìkẹjọ. Ó yẹ kí àyè náà wà, ṣùgbọ́n kí ó má ju bébà líle kan lọ. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ọ̀pá irin náà ṣì ń yí. Ẹlòmíràn ti yí i dé ìpẹ̀kun kí ó tó gbé gìtá wá sọ́jà, kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ibi tí ọrùn ti pàdé orí ni Gibson àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti máa ń kán, nítorí pé orí wọn dà sẹ́yìn, igi ibẹ̀ sì tín-ín-rín. Gìtá tó bá ṣubú láti orí ìdúró rẹ̀ lè kán níbẹ̀. Kí olùrà fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, kí ó sì fi èékánná họ ọ́ wò. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tàbí ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ń sọ ìtàn tí ọlọ́jà kò sọ. Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó lè bá ènìyàn kalẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wo àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn. Níbi tí okùn ti jẹ kòtò sínú mẹ́ta àkọ́kọ́, okùn yóò máa dún bí eṣinṣin, pípààrọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe gbogbo atúngìtáṣe ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ iná inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í ronú sí. Gìtá onígi gbáko ní ìdérí lẹ́yìn tàbí níwájú tí èèyàn lè tú. Semi-hollow bíi ES-335 kò ní in. Bí bọ́tìnnì tí ń yí ohùn bá bàjẹ́, láti inú ihò àyà ni wọn yóò ti fi okùn fa gbogbo wáyà jáde, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì gbà dá wọn padà sí ààyè wọn, bí ẹni tó ń fi ìkọ́ fa korobá láti inú kànga. Atúnrédíòṣe tó mọ iṣẹ́ ìjólẹ́ẹ̀dì dáadáa lè lo ọjọ́ kan gbáko lórí ohun tí ì bá ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára gìtá mìíràn, yóò sì gba owó ọjọ́ kan gbáko. Nítorí náà kí olùrà yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó tẹ́tí sí i bóyá ó ń ta pàrà. Kí ó rọra mi wáyà níbi tí wọ́n kì í bọ̀. Kí ó sì béèrè irú pickup tó wà lára rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n ń pè ní humbucker ní wáyà oní-ìdì méjì tí ń pa ariwo iná ara wọn. Ní ìlú tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ọ̀pọ̀ ilé kò sì ri wáyà mọ́lẹ̀ bó ti yẹ, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá sì fi ámpílífáyà kún ọjà fún un, kí ó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. Ẹni tó bá kì í bọ iná ní Bódìjà láì lo ẹ̀rọ tí ń dín iná kù, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ìgbà tí wọ́n ra gìtá náà tún ṣe pàtàkì. Lásìkò ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn a gbẹ débi pé ọrùn tó tọ́ nígbà òjò yóò tẹ̀, ẹnu irin rẹ̀ yóò sì máa gé ènìyàn lọ́wọ́ nítorí igi ti sún kì. Ayọ̀ ibẹ̀ ni pé igi pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe àyà àti ẹ̀yìn semi-hollow, kì í tètè là bíi ti gìtá onígi kan ṣoṣo. Ohun tó léwu jù ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ sínú bùútù ọkọ̀ lójú oòrùn ọ̀sán, lẹ́yìn tó ti wà nínú gbọ̀ngán tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Gọ́ọ̀mù kò fẹ́ràn irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, ayé ti yàtọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye náírà. Dọ́là kan tí kò tó náírà 500 ní báńkì tẹ́lẹ̀ ti lé ní 1,500 kí ọdún 2024 tó parí, gìtá tòkunbọ̀ sì gun òkè tẹ̀lé e. Ó ti wá di pé ọlọ́jà ń fi iye tuntun díwọ̀n àlòkù. Kí olùrà má ṣe fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ dúnàádúrà. Ó yẹ kí ó yọ owó okùn tuntun, owó àpótí líle àti owó atúngìtáṣe sọ́tọ̀ kí ó tó dá iye tí yóò san, kí ó sì mú onígìtá tó dàgbà jù ú lọ dání. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé gìtá lọ sídìí ámpílífáyà, kí wọ́n yí i sókè dé ibi tí wọ́n ń lò lóde, ń tọ́jú nǹkan pamọ́ ni. Ríra irú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa ná ẹja tó ṣì wà nínú odò.

Ìwé ẹ̀rí ọjà náà ṣe kókó. Àwọn olè a máa jí ohun èlò orin gbé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa kò sì fojú rere wo ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè. Kí ẹni tó ń tà kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn gìtá àti iye tó gbà sórí ìwé, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìwé náà ti ọ́fíìsì wá, kí ó má jẹ́ láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan tó sọ pé wọ́n rán òun.