Giannis kò fìgbà kan jẹ́ aláìlórílẹ̀-èdè: ìwé ni kò ní

Láti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, tí Gíríìsì ti fàgbà han Finland pẹ̀lú 92 sí 89 ní ìlú Riga, tí wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú ìdíje EuroBasket, orúkọ Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù NBA ní Amẹ́ríkà, ló wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Minna níbí. Òun nìkan jẹ ayò 30 lọ́jọ́ náà. Ṣáájú ìyẹn, kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan rí pẹ̀lú ẹgbẹ́ àgbà Gíríìsì, bẹ́ẹ̀ ni Gíríìsì fúnra wọn kò tíì fojú kan irú rẹ̀ nínú ìdíje yẹn láti ọdún 2009. Abájọ tó fi ń sunkún.

Gbólóhùn kan wà tí àwọn ìròyìn ń tún sọ nípa rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí irú ayọ̀ báyìí bá ṣẹlẹ̀: pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Áténì yìí kò ní orílẹ̀-èdè kankan títí ó fi pé ọmọ ọdún 18. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Kì í ṣe irọ́ ponbele, àmọ́ kò tọ̀nà lójú òfin, àṣìṣe inú rẹ̀ sì kan àwa náà.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀, Charles, ọmọ Yorùbá, àti Veronica, ọmọ Ígbò, kúrò ní Èkó ní 1991, wọ́n fi Francis àkọ́bí wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Wọ́n bí Thanasis, Giannis, Kostas àti Alex sí Gíríìsì. Àdúgbò Sepolia ní Áténì ni wọ́n ń gbé. Wọn kò ní ìwé ìgbélùú, iṣẹ́ tó bá yọjú ni wọ́n ń ṣe, àwọn ọmọ sì ń kiri aago ọwọ́, gíláàsì òòrùn àti báàgì lójú títì. Thanasis àti Giannis jọ ń lo bàtà kan ṣoṣo fún bọ́ọ̀lù ni. Tí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí òfin. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń gbà mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ wọn. Àwọn kan ń wo ilẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ sí, àwọn mìíràn ń wo ẹ̀jẹ̀ òbí tó bí i. Amẹ́ríkà ń wo ilẹ̀, àtúnṣe kẹrìnlá tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin wọn ní 1868 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí ó má kan ọmọ àwọn tí kò ní ìwé mọ́. Gíríìsì ń wo ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ará Gíríìsì bí sí Melbourne, ọmọ Gíríìsì ni kó tó lajú. Ọmọ tí ará Èkó bí sí Áténì, àlejò ni, ìbáà gbọ́ èdè ibẹ̀ ju olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé ń parí sí, tí wọ́n á ní ọmọ náà kò ní orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí Gíríìsì wò tí wọ́n ní kì í ṣe tàwọn, òun náà ni Nàìjíríà ń wò. Abala 25 nínú ìwé òfin wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi Nàìjíríà, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà ìbí. Òfin ọdún 1979 tó ṣáájú rẹ̀ sọ bákan náà. Kò ní kí òbí kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Kò ní kí ọmọ tẹ ilẹ̀ yìí rí. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1994 tí wọ́n bí Giannis, ọmọ Nàìjíríà ni lójú òfin, bí èmi ṣe jẹ́ ẹ, bí ẹ̀yin náà ṣe jẹ́ ẹ.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1954 ló sọ ẹni tí à ń pè ní aláìlórílẹ̀-èdè: ẹni tí kò sí orílẹ̀-èdè kan tó kà á sí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ òfin rẹ̀. Irú wọn wà, ojú wọn sì ń rí màbo. Àwọn Rohingya ni àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù. Òfin tí Myanmar ṣe ní 1982 ta wọ́n dànù, kò sì sí ìlú mìíràn tó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ti Giannis kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ìwé ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún ọmọ tó bí sókè òkun ní láti mú ìwé ìbí ọmọ náà wá, kó sì fi ìwé tirẹ̀ hàn pé lóòótọ́ lòun jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Òbí tó ń sá fún ọlọ́pàá, tí owó ilé ń lé kiri, èmi ò rò pé ìwé yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn bó bá jí láàárọ̀.

Ká tilẹ̀ ní wọ́n gbà á fún un lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, kí ni ìwé aláwọ̀ ewé yẹn ì bá ṣe fún un ní Áténì? Ìbá kàn jẹ́rìí fún ọlọ́pàá pé àjèjì ni, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú. Ilẹ̀ tí ìwé náà fún un láṣẹ láti gbé, kò dé ibẹ̀ rí. Ilẹ̀ tó mọ̀, ìwé náà kò fún un láṣẹ kankan níbẹ̀. Bó bá sì fi wọ bàálù jáde, agbára káká ni yóò fi rí ọ̀nà padà wọlé sílé tí wọ́n bí i sí. Ohun tí ọmọ náà ṣaláìní gan-an nìyí: ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbi tó ń gbé, kó jáde, kó sì padà. Nàìjíríà kò lè fún un ní ìyẹn. Gíríìsì nìkan ló lè ṣe é.

Ọ̀ràn ìwé yìí ni kò jẹ́ kí ayé tètè mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2012, ẹgbẹ́ Filathlitikos ti àdúgbò Zografou ló wà, nínú ìpele kejì líìgì Gíríìsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá orílẹ̀-èdè wọn lọ sí ìdíje ọ̀dọ́ káàkiri Yúróòpù, níbi tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù máa ń jókòó sí. Òun kò lè lọ. Àwọn ọ̀gá NBA ló ní láti wọ bàálù wá wò ó nínú ilé ìṣeré kékeré àdúgbò. Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ Zaragoza ti Spéènì bá a tọwọ́ bọ̀wé.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní 2013 ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ní 2010, Gíríìsì ti ṣe òfin kan, 3838, tó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún ọmọ àwọn àtìpó tí wọ́n bí síbẹ̀ tàbí tí wọ́n kàwé níbẹ̀. Àwọn òbí tí òfin fún láyè láti máa gbé ìlú ló sì ń ṣe láǹfààní. Nínú oṣù Kejì 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù nínú ọ̀ràn ìṣàkóso ìjọba wọn ní òfin náà tako ìwé òfin ilẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì tì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ìjọba kan náà sọ Giannis àti Thanasis di ọmọ Gíríìsì. Kò tó oṣù méjì sí i, lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà, Giannis wà ní Brooklyn níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Milwaukee Bucks mú un ní ipò 15, Thanasis sì ń ju àsíá Gíríìsì láàárín èrò.

Èrò tèmi ni pé ká ní ọmọ náà fi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún mọ, tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ì bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní àdúgbò kan náà, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, tí wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, ní láti dúró di oṣù Keje 2015 kí wọ́n tó ṣe òfin mìíràn. Golden Dawn, ẹgbẹ́ olóṣèlú tí ilé ẹjọ́ wá pè ní ẹgbẹ́ ọ̀daràn ní 2020, sì wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà. Olórí wọn bú Giannis ní gbangba lẹ́yìn tó gba ìwé náà tán. Ìwé yẹn kan náà ló sọ Adétòkunbọ̀ di Antetokounmpo. Lẹ́tà méjì méjì ni wọ́n fi ń kọ ìró b àti d ní Gíríìsì, nígbà tí wọ́n sì dá orúkọ náà padà sí lẹ́tà tiwa, wọn ò yọ àlékún rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò tán síbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó lò ní Milwaukee, àwọn òbí àti àbúrò rẹ̀ kò rí físà gbà. Lọ́jọ́ kan, ó fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní Western Union, kò sì ṣẹ́ kù tí yóò fi wọ takisí lọ sí pápá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú òtútù, títí tọkọtaya kan fi mọ̀ ọ́n tí wọ́n gbé e. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹbí rẹ̀ tó wá bá a.

Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n: agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní NBA ní 2019 àti 2020, ayò 50 lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Keje 2021 tí Bucks gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ láti 1971, àsíá Gíríìsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òlíńpíìkì Paris 2024. Ẹni mẹ́ta péré ló tíì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù àti ti adènà tó dára jù ní sáà kan náà: Michael Jordan, Hakeem Olajuwon àti Giannis. Ọmọ Yorùbá ni méjì nínú wọn. Mo ń fi ìyẹn yangàn, n kò sì ní fi pamọ́.

Àwọn kan máa ń bi mí ní Kpakungu níbí pé ṣé kò lè wá gbá bọ́ọ̀lù fún D'Tigers, ẹgbẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà, ni. Òun náà ti gba páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ́yìn ìgbà yẹn, abala 28 ìwé òfin wa kò sì gba ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ẹ láti ìgbà ìbí nítorí pé ó gba ti ìlú mìíràn. Àmọ́ FIBA, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé, ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè kan nínú ìdíje ńlá kì í yí i padà bẹ́ẹ̀. Olajuwon wọ aṣọ Nàìjíríà nígbà ọ̀dọ́, ó gba ìwé Amẹ́ríkà ní 1993, FIBA sì ní láti yọ̀ǹda fún un kó tó bá Amẹ́ríkà gba wúrà ní 1996. Nneka Ogwumike, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀bẹ̀ ní 2021 kí wọ́n jẹ́ kó bá D'Tigress, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, lọ sí Òlíńpíìkì Tokyo. FIBA kọ̀ jálẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ń bá Amẹ́ríkà ṣeré.

Èyí tó ká mi lára jù kò sí ní Áténì. Ká ní tọkọtaya kan láti Gíríìsì wá gbé ní Tunga, tí wọ́n bí ọmọkùnrin kan síbẹ̀ ní 1994, tí ọmọ náà gbọ́ Hausa àti Gbagyi, tó sì ń bá Niger Potters gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Abala 25 kan náà ni. Òbí tàbí òbí-òbí rẹ̀ kan ní láti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí Gíríìsì ṣe wo Giannis náà la ó ṣe wò ó.

A kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà tó Gíríìsì. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni ojú irin Èkó àti ti Baro ti pàdé ní Minna, ojú irin yẹn ló sì kó ọ̀pọ̀ bàbá-bàbá Yorùbá tó wà níbí wá. Bí ọmọ ọmọ wọn bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lónìí, kí wọ́n lè gbà á síṣẹ́ ìjọba tàbí kó rí ẹ̀dáwó ilé ìwé, wọ́n á bi í pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti wá. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún orúkọ abúlé, fún ìbuwọ́lùwé olórí àdúgbò, fún òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Kò ní àyè fún iye ọdún téèyàn ti gbé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tọrọ ìwé nílùú tí wọn ò sùn mọ́jú rí. Abala 318 ìwé òfin náà ló ti í lẹ́yìn: ẹni tí òbí tàbí òbí-òbí rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà tó ni ìpínlẹ̀ kan ni òfin kà sí ti ìpínlẹ̀ náà.

Mo mọ ìdí tí àwọn Gbagyi fi ń ṣọ́ra. Ìlú wọn ni, àwọn àlejò sì ti pọ̀ jù wọ́n lọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Lọ́dún 2025, igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, Benjamin Kalu, gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí ẹni tó bá ti gbé ìpínlẹ̀ kan fún ọdún mẹ́wàá lè di ọmọ ibẹ̀, ariwo sì pọ̀ débi pé ó fà á sẹ́yìn nínú oṣù Keje. Mo gbà pé àbá náà yá jù. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ìbí lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, pé ọmọ tí wọ́n bí sí Minna, tó kàwé ní Minna láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama, kí ó gba ìwé-ẹ̀rí náà ní ìjọba ìbílẹ̀ Chanchaga tàbí Bosso láìsí ìrìn àjò kankan, n kò rí ẹni tí ìyẹn máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.