Ọ̀rọ̀-Ìperí ‘Iṣan’ Nínú Ẹ̀kọ́ Ìhun àti Iṣẹ́ Ẹ̀yà Ara

Ìfáárà
Ẹ̀kọ́ nípa ìhun àti iṣẹ́ ẹ̀yà ara jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ẹni tí yóò di nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń ṣàlàyé ìrora wọn. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘iṣan’, láti fi hàn pé iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara ń ṣe ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé.

Ìtumọ̀ Mẹ́rin
Ohun mẹ́rin ni Yorùbá ń pè ní iṣan. Èkíní ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Èkejì ni èyí tí ó ń jíṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti ara. Ẹ̀kẹta ni ẹran ara tí ó ń súnkì, tí ó sì ń dẹ̀, kí ara lè gbéra. Ẹ̀kẹrin ni okùn líle tí ó so ẹran náà mọ́ egungun, bí èyí tí ó wà lókè gìgísẹ̀. Bí aláìsàn bá ní abẹ́rẹ́ ba òun ní iṣan, èwo ni? Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ojú ibẹ̀ lè wú. Bí ó bá jẹ́ ajíṣẹ́ ńlá tí ó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ lè rọ. Nítorí èyí ni a ṣe ń kọ́ nọ́ọ̀sì pé bí ó bá máa gún ìdí, apá òkè níhà ìta ni kí ó gún.

Àlọ àti Àbọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń fi atẹ́gùn ọ́síjìn pín iṣan ẹ̀jẹ̀ sí méjì. Ìpín yìí kò dúró, nítorí pé iṣan tí ó ti inú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín kù. Ìrìn ẹ̀jẹ̀ ni ó pín wọn: ‘iṣan àlọ’ ń gbé e kúrò nínú ọkàn, ‘iṣan àbọ̀’ ń dá a padà. Nínú ìwé tí William Harvey, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1628, ó ṣàlàyé pé bí a bá so okùn mọ́ apá níwọ̀nba, iṣan àbọ̀ yóò wú nísàlẹ̀ okùn: ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà padà. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe nìyẹn bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. Ní 1661, Marcello Malpighi ṣàlàyé àwọn iṣan tín-ín-rín tí ó so àlọ pọ̀ mọ́ àbọ̀, èyí tí ó rí nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́.

Ìlànà Ìkọ́ni
Ọkàn àgùntàn ni ọ̀pọ̀ yunifásítì kékeré ní Amẹ́ríkà fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Irú rẹ̀ kò wọ́n lọ́wọ́ alápatà nílẹ̀ Yorùbá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá la ọkàn màlúù, yóò rí yàrá mẹ́rin. Ògiri yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ, nítorí pé gbogbo ara ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ti ọ̀tún ń tì í lọ. Bọ̀kọ̀tọ̀ yóò sì fi okùn líle ara egungun hàn án.

Àgbálọgbábọ̀
Kò yẹ kí a pa ọ̀rọ̀ náà tì. Àfikún ni ó nílò: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ajíṣẹ́, iṣan ẹran, iṣan ìdè. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ti mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò mọ ìbéèrè tí ó kàn: ṣé ó wú ni, ṣé ó kú tipiri ni, àbí ó ń súnkì?