Àpò Láílọ́ọ̀nù Tí A Fi Ń Ṣe Bisikíìtì Lọ́ṣọ̀ọ́

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ ohun dídùn, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé kò ní sùn lé mi lórí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan. Owó wà nínú rẹ̀, ìlera ara sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ibi ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóde òní, ẹ lè rí bisikíìtì tí a kọ orúkọ ọmọ tuntun sí lára, tàbí èyí tí a ya òdòdó sí. Ohun funfun tàbí aláwọ̀ mèremère tí a fi kọ ọ́ ni a ń pè ní áísìn. Ohun èlò tí a sì fi kọ ọ́ ni àpò kékeré kan tí ó rí bí ìwo: ó fẹ̀ lókè, ó sì ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀. A ó rọ áísìn sínú rẹ̀, a ó gé ṣóńṣó rẹ̀, a ó sì máa fún un jáde bí ẹni ń fi kálámù kọ̀wé. Láílọ́ọ̀nù ni a fi ṣe é, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní ọ̀rá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lò ó, a ó sì sọ ọ́ nù. Ìdí tí ó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù.

Láti orí aṣọ dé orí láílọ́ọ̀nù

Iṣẹ́ áísìn kì í ṣe ti òní. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1840, áísìn funfun ni a fi bo kéèkì rẹ̀. Láyé ìgbà náà, kò sí láílọ́ọ̀nù. Àpò aṣọ tí ó nípọn tàbí bébà tí a ká bí ìwo ni àwọn oníṣẹ́ ń lò. Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, ṣèèṣì rí irú láílọ́ọ̀nù kan níbi iṣẹ́ wọn ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi rí i. Láti ara irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe ọ̀pọ̀ àpò tí a ń lò lónìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ta ni kò mọ àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́? Wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára igbá títí yóò fi di ọnà. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, igbá ti bàjẹ́. Ẹ tún wo àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń sè, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, ọnà yóò tàn kálẹ̀. Bí ó bá sì ki jù, kò ní ṣeé fà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni áísìn rí. Ẹni tí ó bá ti mọ ẹ̀kọ àdìrẹ, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Pípo áísìn

Áísìn tí ó dára jù fún bisikíìtì ni èyí tí ó máa ń gbẹ tí ó sì máa ń le. Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú àti funfun ẹyin ni a fi ń ṣe é. Fún ṣúgà lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 500, funfun ẹyin mẹ́ta tó. Ẹ ó kọ́kọ́ fi asẹ́ jọ ṣúgà náà, nítorí kóró kékeré kan ṣoṣo tó láti dí ẹnu àpò. Ẹ ó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sínú funfun ẹyin, ẹ ó sì máa lù ú bí ẹ ti ń da ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan nìyí. Ẹyin tútù lè ní kòkòrò àrùn tí a ń pè ní Salmonella nínú, èyí tí ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti ibà. Ó lè tó wákàtí 6 tàbí ọjọ́ 6 lẹ́yìn tí ènìyàn jẹ ẹ́ kí àìsàn tó yọjú, débi pé ẹni náà lè má rántí bisikíìtì tí ó jẹ mọ́. Nítorí náà, ó sàn kí a lo lẹ́búlẹ́bú funfun ẹyin tí a ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ta èlò kéèkì. Omi ni a ó fi pò ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Pàápàá jù lọ, bí àwọn ọmọdé, aboyún tàbí àgbàlagbà yóò bá jẹ níbẹ̀, ẹ má lo ẹyin tútù.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti ki tó? Ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà kan láàrin áísìn nínú abọ́, kí ẹ sì máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ìlà náà bá pa dé kí ẹ tó ka 10, ó ti ṣàn jù. Ẹ fi ṣúgà kún un. Bí ó bá pa dé láàrin 10 sí 15, ó dára láti fi kún inú ọnà. Bí ó bá tó 20 sí 25 kí ó tó pa dé, èyí ni a fi ń kọ orúkọ, tí a sì fi ń fa ìlà etí bisikíìtì. Ìlà etí yìí ni ọgbà tí kì í jẹ́ kí èyí tí ó ṣàn dà sílẹ̀. Ẹ da aṣọ mímọ́ tí ó tutù bo abọ́ náà, kí ojú áísìn má baà gbẹ.

Kíkún àpò àti gígé ẹnu rẹ̀

Ẹ gbé àpò sínú ife gíga, kí ẹ sì ṣẹ́ etí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ife, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ má kún un ju ìdajì lọ. Àpò tí ó bá kún dẹ́nu ni ó máa ń bẹ́ tàbí kí áísìn gba òkè dà sí ọwọ́. Ẹ lọ́ ẹ̀yìn àpò pọ̀ dáadáa.

Ìgbà yìí ni a tó ń gé ẹnu rẹ̀. Àlùmọ́gàjí tí ó mú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gé e ní ìwọ̀nba. Mìlímítà 1 tàbí 2 tó fún ìkọ̀wé. Ẹnu tí ó kéré ṣeé fi kún, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gé tóbi jù, kò sí ẹni tí ó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn kan ń fi irin ẹnu àpò sí i kí ọnà lè rí bí ìràwọ̀ tàbí ewé, ṣùgbọ́n fún ìlà àti lẹ́tà, ẹnu tí a gé náà tó.

Ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ̀wé ni yóò mú ẹ̀yìn àpò tí a lọ́, òun ni yóò máa fún un. Ọwọ́ kejì yóò kàn máa tọ́ ṣóńṣó rẹ̀ sọ́nà ni. Fún ìlà, ẹ dẹ àpò sí ẹ̀gbẹ́. Fún tótóótó, ẹ gbé e dúró ṣánṣán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu àpò máa ha bisikíìtì. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí áísìn máa já bọ́ bí òwú, kí ẹ sì máa gbé e tẹ̀ lé ọnà. Bí ìlà bá fẹ́ parí, ẹ dáwọ́ fífún dúró kí ẹ tó gbé àpò kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrù yóò yọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń bá wí.

Ooru, ọyẹ́ àti ọ̀nà jínjìn

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹnì kan tí ó gba iṣẹ́ bisikíìtì 100 ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìgbéyàwó tí yóò wáyé ní Ọ̀yọ́. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 50. Bí ó bá jẹ́ oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ọdún, ooru ọ̀sán lè ju ìwọ̀n 33 lọ lójú òṣùwọ̀n Celsius. Bọ́tà sì ń yọ́ láàrin 32 sí 35. Bí ó bá jẹ́ áísìn bọ́tà ni ó fi ṣe ọnà rẹ̀, orúkọ ìyàwó yóò ti dàrú kí ọkọ̀ tó wọ Ọ̀yọ́. Áísìn tí ó ń gbẹ ni kí ó lò, kí ó sì parí iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, nítorí ó máa ń tó wákàtí 8 sí 12 kí ó tó gbẹ dénú. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó rí i pé bisikíìtì ti tutù pátápátá kí ó tó fi áísìn kàn án, kí ó sì fi àwọ̀n bò ó lọ́wọ́ eṣinṣin àti èèrà.

Ní ìgbà ọyẹ́, ìyọnu mìíràn ni ó wà: ẹnu àpò máa ń gbẹ, ó sì máa ń dí. Ẹ má fi agbára fún un, nítorí ìgbà náà ni àpò máa ń bẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì máa fi aṣọ náà bò ó nígbàkígbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀.

Ìdí tí a kì í fi lò ó lẹ́ẹ̀mejì

Ó kàn wá dé ibi tí mo ń lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, àpò yóò ṣì dára lójú, ọkàn yóò sì máa sọ pé, "Èéṣe tí n kò fi fọ̀ ọ́?" Ẹ gbọ́ ìdí mẹ́ta tí kò fi yẹ.

Èkíní, igun ṣóńṣó rẹ̀ há púpọ̀, ọwọ́ kò sì lè dé ibẹ̀. Ìyókù ṣúgà àti ẹyin yóò fara pamọ́ síbẹ̀, kòkòrò àrùn yóò sì máa bí sí i nínú ooru. Láàrin ìwọ̀n 5 sí 60 lójú òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń gbilẹ̀, ilé ìdáná wa sì wà láàrin rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Èkejì, bí bọ́tà bá ti kan àpò náà rí, ọṣẹ lásán kì í fọ̀ ọ́ tán. Ọ̀rá bọ́tà kì í jẹ́ kí funfun ẹyin dúró. Áísìn tí ó ti ki yóò tún rọ̀, kò sì ní gbẹ bí ó ti yẹ. Ohun tí ó mú àpò aṣọ ayé àtijọ́ ṣòro láti lò náà nìyẹn, nítorí ọ̀rá máa ń wọ inú fọ́nrán aṣọ.

Ẹ̀kẹta, ẹnu tí a ti gé máa ń fẹ̀ sí i, ojú ibi tí a lẹ̀ sì máa ń rẹ̀. Bí ó bá bẹ́ lórí bisikíìtì àádọ́rùn-ún tí ẹ ti ṣe tán, ta ni yóò san owó rẹ̀? Owó àpò kan kéré púpọ̀ sí owó iyẹ̀fun, bọ́tà àti ẹyin tí yóò ṣòfò, orúkọ rere kò sì ní iye. Ẹni tí àlejò rẹ̀ bá ṣàìsàn nítorí ohun tí ó jẹ lọ́wọ́ rẹ, kò ní tún gbé iṣẹ́ wá.

Níbo ni a ó sọ ọ́ sí?

Sísọnù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Láílọ́ọ̀nù kì í jẹrà bí ewé ẹ̀kọ. Bí a bá dà á sí gọ́tà, yóò dí omi lọ́nà. Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 1980 ní Ògùnpa, tàbí ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí a dà sí ojú omi wà lára ohun tí ó mú kí omi náà wọ ilé. Bákan náà, bí a bá sun láílọ́ọ̀nù, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fún ìyókù áísìn jáde, kí ẹ kó àwọn àpò náà jọ sínú garawa ìdalẹ̀ tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e fún àwọn akólẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá kéré, bíi bisikíìtì mẹ́wàá fún ọjọ́ ìbí ọmọ, ẹ lè padà sí ọgbọ́n àtijọ́: ẹ ká bébà tí òróró kì í wọ̀ bí ìwo, ẹ ṣẹ́ òkè rẹ̀ kí ó má baà tú, kí ẹ sì gé ṣóńṣó rẹ̀. Òun náà jẹ́ àlòsọnù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí bisikíìtì. Ẹ kọ orúkọ yín sórí àwo pẹlẹbẹ, ẹ fọ̀ ọ́ nù, kí ẹ sì tún un kọ títí ọwọ́ yóò fi balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan wà lọ́dọ̀ yín nígbà tí ẹ bá ń lo àlùmọ́gàjí. Ní ti ẹ̀yin tí ó jẹ́ pé òwò yín ni, ẹ ka iye owó àpò mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ka owó iyẹ̀fun. Nígbà náà ni sísọ ọ́ nù kò ní dà bí òfò lójú yín mọ́.